Ta Ló Ni Ẹnu Asọ̀rọ̀mágbèsì?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí rédíò kékeré kan tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, rédíò tí a fi rọ́bà so ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí pé ìdérí ibi tí wọ́n ń ki bátìrì sí ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí mo ti ń múra àtilọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ìyá mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Tíṣà, rédíò mi ti bàjẹ́ o. Òyìnbó nìkan ni ó ń sọ láti àárọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá ọmọ kan ló fọwọ́ kàn án, kí wọ́n yí i padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, pé àmì ọ̀dà pupa tí àwọn fi sí ojú ibẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ sì dúró lórí àmì náà gan-an. Kí n tó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé lọ́sàn-án, wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tí ó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá gáréèjì. Bàbá náà tú u, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ó dì í padà, ó sì sọ òtítọ́ fún wọn: "Ìyá, rédíò yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti tà á. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni." Ṣùgbọ́n ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ o.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ rédíò náà, nítorí kì í ṣe torí àtibá ẹnikẹ́ni jà ni mo ṣe mú gègé. Ó wà ní ìlú wa, kò sì jìnnà sí Ìbàdàn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kọ́lẹ́jì tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ní agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, gángan á dún, wọn á ki ìlú, wọn á ka ìròyìn ní èdè Yorùbá, lẹ́yìn náà ni ìkéde á wọlé. Ta ló kú, níbo ni wọn ó sin ín sí, ọjọ́ wo ni ìnáwó. Ọmọ ta ló sọnù, aṣọ wo ló wọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wo ló fẹ́ ṣe ìpàdé. Ewúrẹ́ dúdú tí ó ní funfun níwájú orí ti ń rìn kiri láti ọjọ́ Ẹtì, kí ẹni tó ni ín wá gbà á. Àwọn ọlọ́jà ń fi ìkéde yìí mọ ọjọ́ tí àwọn kì yóò ná ọjà, àwa olùkọ́ sì ń fi í mọ ìdí tí idajì kíláàsì kò fi wá.

Kí n má purọ́, ilé iṣẹ́ náà ní àléébù tirẹ̀ nígbà náà pàápàá. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, àwọn alágbo á gba orí rédíò, ìgò kan ṣoṣo ni wọn ó sì fi wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, àìrọ́mọbí àti ẹsẹ̀ dídùn. Bí ìbò bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, olóṣèlú tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ni a ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Síbẹ̀, tiwa ni.

Ohun tí ó dé rọ́pò rẹ̀ ni orin láti àárọ̀ títí di alẹ́, àti àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ń fi Òyìnbó tí ń gba imú jáde bá ara wọn ṣe àwàdà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. N kò bá wọn wí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ẹkún. Ìyá mi ní ọ̀rẹ́ kan tí àwọn jọ ń ná ọjà Òjé ní Ìbàdàn láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn wọn, aṣọ òkè ni wọ́n jọ ń rà. Ìyá náà kú ní abúlé tí ó fẹ̀yìn tì sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní nọ́ńbà ìyá mi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kò sí òwúrọ̀ kan tí ọ̀rẹ́ ìyá àwọn kì í gbọ́ ìkéde. Wọ́n mú owó, wọ́n mú ìwé ìkéde, wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n sọ fún wọn lẹ́nu géètì pé a kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú ni awakọ̀ kan wá sọ fún ìyá mi, ó rò pé wọ́n ti gbọ́. Ìyá mi kò sunkún lójú rẹ̀. Wọ́n kàn na ọwọ́, wọ́n pa rédíò náà, wọ́n sì ní kí n sọ fún àwọn, èmi tí mo kàwé: ta ló fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí láṣẹ?

Ìbéèrè yìí ni mo fi gbogbo ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ wá ìdáhùn sí nínú ìwé. Ohun tí mo rí ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni rédíò ilẹ̀ wa ti ń bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, àti pé nígbàkígbà tí ọwọ́ bá yí padà, ohùn a máa yí padà.

Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó. Kì í ṣe irú èyí tí à ń gbé kọ́ apá kiri. Wáyà ni ẹ̀ka ìjọba tí ń ṣe iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ń fà wọ ilé àwọn ènìyàn, wọn a sì gbé àpótí kan kọ́ sára ògiri. Ọ̀rọ̀ tí BBC bá ń sọ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń gba inú wáyà náà wọlé. Ní ọdún 1939 ó dé Ìbàdàn. Àpótí yìí kò ní ibi tí a lè yí sí láti gbọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Bí o bá fẹ́, kí o ṣí i. Bí o kò bá fẹ́, kí o pa á. O sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn bàbá wa wo àpótí náà títí, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò gba èsì, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi àlàyé nípa rédíò ní kọ́lẹ́jì, n kò tíì gbọ́ èyí tí ó ju orúkọ yìí lọ.

Ní ọdún 1951 ìjọba dá ilé iṣẹ́ rédíò tí ó jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí ó di NBC ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1957. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn jù lọ ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro dìde ní ilé aṣòfin ní Èkó, ó ní kí Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn ará Òkè Ọya kò fẹ́ kí a dá ọdún. Ariyanjiyan náà le débi pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti NCNC jáde kúrò nílé. Lẹ́yìn èyí ni Gómìnà, Sir John Macpherson, lọ sórí rédíò, tí ó sì di ẹ̀bi ru àwọn Action Group fún gbogbo ilẹ̀ gbọ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè lórí rédíò kan náà kí òun lè fèsì. Wọn kò fún un.

Ẹ wò ó! Asọ̀rọ̀mágbèsì lóòótọ́. Ẹni tí ó ni àpótí bú ọ níṣojú ayé, o kò sì gbọdọ̀ dáhùn. Mo rò pé olówò èyíkéyìí tí wọ́n ti bà lórúkọ jẹ́ rí láàárín ọjà yóò mọ bí ó ti rí lára.

Àwọn Action Group kò gbàgbé. Òfin ìlú ti ọdún 1954 fún àwọn ìjọba ẹkùn láyè láti ní rédíò tiwọn, Ìwọ̀-Oòrùn ni ó sì kọ́kọ́ lò ó. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959, wọ́n ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Rédíò WNBS tẹ̀ lé e ní ọdún 1960. Wọ́n máa ń pe WNTV ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. (Àwọn ará Mòrókò ti ní tiwọn ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn.) Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìjọba nìkan kọ́ ló ni ilé iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Overseas Rediffusion ni wọ́n bá da owó pọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ìjọba mú gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹni bá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, kò mọ ayé. Ní ọdún 1962 ẹgbẹ́ Action Group fọ́ sí méjì, ìjọba àpapọ̀ sì fi alákòóso sórí Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 máa fi wáyé, Olóyè S. L. Akíntọ́lá ni ó wà lórí àga Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, rédíò sì wà lọ́wọ́ ìjọba rẹ̀. Ìbò náà dàrú, ilé ń jó. Ní àkókò náà ni agbébọn kan wọ ilé rédíò ní Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi òmíràn tí òun mú wá sí i. Wọ́n mú Wọlé Ṣóyínká, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá a sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ilé tí wọ́n kọ́ nítorí ẹni tí a kò jẹ́ kí ó fèsì, kò tó ọdún mẹ́wàá, ó ti di ilé tí àwọn mìíràn kò ti lè fèsì àfi kí ènìyàn mú ìbọn lọ́wọ́.

Àwọn sójà dé. Ní oṣù kejì ọdún 1976 wọ́n pín Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìjọba àpapọ̀ gba tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, ó sọ ọ́ di ara NTA. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ rédíò tirẹ̀. Ó wá di ọdún 1992 kí òfin tó gba ẹni tí kì í ṣe ìjọba láyè. Raypower tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1994 ni ó ṣíwájú nínú rédíò aládàáni, tọ̀sán tòru ni ó sì ń sọ̀rọ̀, èyí tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń hù bí olú.

Òfin ọdún 1992 yìí ni mo fi dá ìyá mi lóhùn. Ẹni tí ó ra ilé iṣẹ́ rédíò kò ra afẹ́fẹ́. Àjọ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ó ń fún un ní ìwé àṣẹ, ọdún márùn-ún péré sì ni ìwé àṣẹ náà, kí ó tó tún un gbà. Òfin kò gbà kí wọ́n fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn. Ìyá mi bi mí léèrè bóyá òfin gbà kí wọ́n fún olóṣèlú fúnra rẹ̀. Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo ní ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ sínú òfin.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló pa Yorùbá tì o. Amúlùúdùn tó wà ní Mọ́níyà jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Yorùbá ni ó sì ń sọ. Rédíò Lagos tí ó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Yorùbá ni. Àwọn aládàáni kan náà ń sọ ọ́, wọ́n sì ń jèrè rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé èdè Yorùbá kò mú owó wá, n kò yára gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Ọjọ́rú kan ni mo mú ìyá mi àti àwọn ìyá ọlọ́jà méjì lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tí ẹni tó rà á fi síbẹ̀ kò tíì tó mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé: ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn ìyá, ó ní kí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Ó ṣàlàyé, àlàyé rẹ̀ kò sì burú. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù méje. Dísẹ́lì tí ẹ̀rọ iná ń mu lóòjọ́ ju owó tí ń wọlé lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń polówó ọjà, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń wá, wọn kì í sì í fẹ́ kí a ka ìpolówó àwọn tẹ̀ lé ìkéde òkú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ọ̀gá wa ní owó ìkéde kéré, wàhálà rẹ̀ ló pọ̀."

Ìyá mi gbé ìgò wọn kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n bi ọ́. Mélòó ni ìkéde kan nígbà yẹn?"

Ó ní ₦2,000.

"Mélòó ni wọ́n ń kà láàárọ̀?"

Ó ní òun kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ìyá mi ní àwọn wà níbẹ̀ ní tàwọn. Wọ́n ní bí ọjọ́ bá burú, méjìlá. Bí ó bá dára, ogún. Kí a mú méjìlá. Wọ́n na ìka, wọ́n ṣírò rẹ̀ láìmú bírò: ₦24,000 ní òwúrọ̀ kan, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ₦144,000. Wọ́n ní owó ọwọ́ ni, kò sí gbèsè ńbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní òkú nílẹ̀ kì í ra àwìn. Wọ́n wá bi í pé ilé iṣẹ́ ńlá tí ń polówó lọ́dọ̀ rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọ́n ń sanwó?

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì pe akọ̀wé owó wọlé. A gbọ́ pé oṣù mẹ́ta ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń lò kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.

A kò rí gbogbo ohun tí a bá lọ gbà. Wọn kò dá gángan padà, wọn kò dá ìròyìn Yorùbá padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún wa, ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìdájí, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ilé iṣẹ́ ńlá ń wá ṣì ń sùn, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀gá náà sì sọ fún wa láìfi bò pé bí ẹni tó ni ín bá tún tà á, tàbí tí inú rẹ̀ yí padà, òun kò lè ṣèlérí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọlọ́jà ní kí ó kọ èyí tí ó ṣèlérí sílẹ̀ ná. Ó kọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ó wà ní ìlà ti ìyá mi ni ó ṣí rédíò. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ méjì ọjọ́sí ni wọ́n ní kí ó ka ìkéde. Ìlú Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, Òyìnbó ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ìkéde kejì ni ó ti ṣubú. Ibi tí wọ́n kọ sí pé ọkọ olóògbé yóò wà nílé láti gbàlejò àwọn tó bá wá kí i, ó kà á sí ọkọ́ olóògbé. Gbogbo ọjà hó. Àwọn kan ní irú ọkọ́ wo ni yóò gbàlejò, àwọn mìíràn ní ọkọ́ tó bá ti gbẹ́ sàréè, ó yẹ kó jókòó gba ìkíni. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Tíṣà, òkú ọlọ́kú kọ́ ni a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ kọ́ ọmọ yẹn."

Bí ó ti di pé mo ń yà sí ilé iṣẹ́ rédíò nírọ̀lẹ́ nìyẹn, bí mo bá ti parí ìwé títẹ̀ lé. Wọn kì í san nǹkan fún mi, n kò sì béèrè. Ọmọkùnrin náà á kó ìwé ìkéde ọjọ́ kejì síwájú mi, èmi á fi bírò pupa fi àmì ohùn sórí orúkọ ènìyàn, orúkọ agboolé àti orúkọ abúlé, òun á sì kà wọ́n sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá Tíṣà ni ó ń pè mí. Ó ti ń gbìyànjú. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn kò tíì fi ọkọ́ pe ọkọ. Lálẹ́ àná, ìkéde mẹ́rìnlá ni a jọ kà. Òkú mẹ́sàn-án, ìpàdé ẹgbẹ́ mẹ́ta, ọmọ kan tí wọ́n ti rí, àti ewúrẹ́ kan tí wọn kò tíì rí.